Táǹkì Tí Kò Dì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ òtútù North Dakota, ẹ bi í bóyá ó ti gbé inú ilé onítáyà rí nínú oṣù kìíní ọdún. Ilé onítáyà tí mo wí yìí ni èyí tí ọkọ̀ ń fà kiri, tí àwọn olówó fi ń ṣeré lọ sétí odò nígbà ooru. Òun ni àwa tí iṣẹ́ epo gbé wá síbí sọ di ilé gidi. Ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gbogbo ohun tó bá jáde lára ènìyàn àti gbogbo omi tí a bá fi fọ àwo, inú táǹkì méjì tó wà lábẹ́ ilé ni wọ́n ń lọ: ọ̀kan ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀kan ti omi àwo. Bí òtútù bá ká táǹkì wọ̀nyẹn mọ́, tí ohun inú wọn di yìnyín, ó parí nìyẹn. Ẹ ò ní rí ibi yàgbẹ́, ẹ ò ní rí ibi da omi nù, títí oòrùn á fi padà wá yọ́ ọ, ó sì lè pẹ́ kí oòrùn tó rántí yín.

Leland Brekke mọ gbogbo èyí dáadáa. Ó ń jórin fún àwọn tó ń wa epo, kì í sì ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ tó máa lo ìgbà òtútù nínú ọgbà ilé onítáyà tó wà lẹ́bàá Watford City. Àmọ́ lọ́dún tí mò ń wí yìí, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀ ló ṣe ń bá òtútù jà. Ìyàwó rẹ̀ Ardis wà nínú ilé náà, jẹjẹrẹ wà nínú Ardis, àwọn dókítà sì ti ní kó máa lọ sílé. Ẹ mọ ohun tí dókítà ń sọ bó bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Ardis ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tó sì ṣe jù níbẹ̀ ni kó máa da póò. Ó mọ bí ojú arúgbó ṣe ń rí tí wọ́n bá gbé e lé póò, tí ó kọjú sí òrùlé bí ẹni pé kì í ṣe òun. Nígbà tí àìsàn yìí dé, ohun kan ṣoṣo ló bẹ ọkọ rẹ̀.

"Má jẹ́ kí n kú lórí póò," ló wí. "Má sì gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Minot. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fẹ́ máa fi rìn lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ ara mi títí tó fi máa parí."

"Ó dáa," ni Leland dáhùn.

"Má sọ ó dáa fún mi bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ ra búrẹ́dì. Ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí, Ardis. Àbí kí n kúnlẹ̀ ni?"

"Tó o bá kúnlẹ̀, ta ló máa gbé ọ dìde? Dúró síbẹ̀."

Renae ni orúkọ nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Bí omi bá ń yọ, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, ibí yìí lẹ máa wà, Ìyáàfin Brekke," ló sọ fún un. "Àmọ́ ọjọ́ tí táǹkì yín bá dì, mi ò lè fi aláìsàn sílẹ̀ níbi tí kò ti ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Minot ni. Mo sọ ọ́ lónìí kí ẹ má baà bínú sí mi lọ́la."

Látọjọ́ náà ni Leland ti sọ táǹkì di iṣẹ́ kejì. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í já rárá ló ti to ìdì koríko gbígbẹ yí ìsàlẹ̀ ilé náà ká kí atẹ́gùn má baà rí àyè wọlé. Ó lẹ fóòmù mọ́ ẹ̀yìn koríko, ó wé wáyà tó ń móoru mọ́ páìpù, ó so gílóòbù ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń mú ara òròmọdìyẹ gbóná, sábẹ́ táǹkì. Lóròòwúrọ̀, á da oògùn pińkì kan tí kì í dì sínú ihò ìgbọ̀nsẹ̀, á wá rá pálá wọ abẹ́ ilé lọ fi ọwọ́ gbá táǹkì nídìí. Bó bá mì, omi ni. Bó bá le gbagidi, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Olórí òfin sì nìyí: ẹnu táǹkì kì í ṣí sílẹ̀ lásán. Ẹ máa tì í pa, ẹ jẹ́ kó kún, torí omi púpọ̀ kì í tètè dì. Lọ́jọ́ tó bá kún, ẹ dúró de ọ̀sán gangan, kí ẹ fa ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo rẹ̀ sì ya gba inú rọ́bà lọ sínú ihò tó wà nílẹ̀. Duane Kostelecky tó wà nínú ilé kejì kò gbọ́. Ó ní òun ò ní ẹsẹ̀ tí òun máa fi ràkòrò nínú yìnyín, ló bá ṣí ẹnu táǹkì tirẹ̀ sílẹ̀ kó máa kán díẹ̀díẹ̀ jáde. Díẹ̀díẹ̀ náà ń dì bó ṣe ń kán. Rọ́bà rẹ̀ di igi, táǹkì rẹ̀ di òkúta. Kí Kérésìmesì tó dé, inú korobá ni Duane ń ṣu, tó ń gbé e sínú ọkọ̀ lọ dà ní ilé epo.

"Kí lo gbé síbẹ̀ yẹn, Duane?" ni Leland á bi í bó bá ń kọjá.

"Oúnjẹ àná," ni Duane á dáhùn. "Ṣé kí n bù díẹ̀ fún ọ?"

Ardis á gbọ́ wọn látorí ibùsùn, á sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ní àárín oṣù kìíní, gílóòbù abẹ́ táǹkì kú nígbà tí Leland wà níbi iṣẹ́. Kó tó dé, ẹnu táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ ti ń dì. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wọlé kí ìyàwó rẹ̀. Ó mú ẹ̀rọ tí Ardis fi ń gbẹ irun nígbà tó ṣì ní irun lórí, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ilé, ó ń fẹ́ ooru sí i. Nọ́ọ̀tì kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fi ìbọ̀wọ́ tú. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun bọ́ ọ, kò sí ọmọ ibí tí kò mọ̀, àmọ́ Minot ló wà lójú rẹ̀. Nígbà tí ohun inú táǹkì ya jáde, ó kígbe ayọ̀ níbi tó sùn sí. Ó wá wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó rí i pé ìka méjì ti funfun bí ẹfun, kò sì mọ̀ wọ́n lára mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, orí wọn dúdú.

Renae ló bá a wé e. "Òtútù ti pa àwọn méjì yìí, wọn ò ní padà," ló wí. "Wọ́n máa gé wọn bó bá yá. Ìyáàfin Brekke, ẹ bá mi bá ọkọ yín sọ̀rọ̀."

Ardis wo ìka náà títí. "Kí lo máa wá fi jórin?"

"Mẹ́jọ ṣì kù," ni Leland fèsì.

Ó rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ojú sí ògiri títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìjì yìnyín bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà dí, iṣẹ́ dúró, Renae kò lè wá, fóònù ló fi ń béèrè àlàáfíà. Leland jókòó ti ìyàwó rẹ̀ nílé. Àmọ́ ìjókòó wo ni ẹni tó ní táǹkì ń jókòó? Bó bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un tán, á wọ aṣọ lé aṣọ, á jáde lọ kó yìnyín kúrò lára koríko, á rá pálá wọ abẹ́ ilé lọ yẹ gílóòbù wò, á gbá táǹkì. Bó bá fi máa wọlé padà, abọ́ ti ṣófo. Ife tíì ti ṣófo. Ife wàrà pàápàá, ó ti ṣófo.

"O jẹ ẹ́ tán," ni Leland á wí.

"Ọbẹ̀ rẹ ti ń dára sí i," ni Ardis á dáhùn. "Iyọ̀ ló kù tó o máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sí i."

"O ti lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Mo ti lọ. Àbí o fẹ́ kí n máa pè ọ́ wá wò ó?"

Inú Leland dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú ọkùnrin yìí dùn lọ́sẹ̀ náà, torí ìdùnnú yẹn gan-an ló dun èmi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹun, táǹkì rẹ̀ ò dì, ó ń mú ìlérí ṣẹ. Lóòótọ́, Ardis ń rù. Apá rẹ̀ ti rí tẹ́ẹ́rẹ́, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ a máa jẹ ènìyàn gbẹ, gbogbo wọn ló ti sọ ọ́ fún un, kò sì sí ẹni tó lè wo gbígbẹ kó mọ ibi tó ti wá. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e. Iná kéékèèké kan wà lára ògiri ilé ìdáná tó máa ń sọ bí táǹkì kọ̀ọ̀kan ṣe kún tó. Iná táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Ti omi àwo ń gòkè lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, abọ́ méjì òun ife méjì péré ni wọ́n ń fọ̀. Leland fi ọ̀rọ̀ náà lọ Duane nígbà tí àwọn méjèèjì ń kó yìnyín.

"Iná yẹn lo gbà gbọ́?" ni Duane wí. "Tèmi sọ pé táǹkì mi ṣófo. Ní kó wá bá mi gbé korobá."

Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń gbé ilé onítáyà tí kò mọ̀ pé onírọ́ ni iná wọ̀nyẹn. Bébà kan á lẹ̀ mọ́ ara táǹkì nínú, iná á ní ó kún. Wáyà kan á tú, iná á ní ó ṣófo. Gbogbo wa ti kọ́ láti má kà á sí. Leland náà ò kà á sí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé wáyà ìgbọ̀nsẹ̀ ti gba ibi ti omi àwo lọ, pé òun á tún un ṣe nígbà tí ooru bá dé.

Lọ́jọ́ tí ìjì rọlẹ̀ díẹ̀, omi inú bàsíà ìfọwọ́ kọ̀, kò lọ mọ́. Leland dúró de ọ̀sán gangan, ó jáde lọ da táǹkì méjèèjì. Òfin ni pé ti ìgbọ̀nsẹ̀ ló máa ń ṣáájú, kí omi àwo lè wá fọ rọ́bà. Níbi tí rọ́bà ti kan ilé, páìpù kan wà tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, tó mọ́ bíi gíláàsì, kí ènìyàn lè rí i bí ìdọ̀tí bá ti lọ tán. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ẹnu táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ìgbọ̀nwọ́ náà.

Oògùn pińkì ló jáde. Oògùn tí òun fúnra rẹ̀ ti ń dà síbẹ̀ láàárọ̀ láàárọ̀, àti ìwọ̀nba ìgbẹ́ tirẹ̀. Ó kọjá lọ ṣììì, ó tán. Leland gbá táǹkì náà lábẹ́ bóyá yìnyín ló dì í. Kò dì. Ó ṣófo ni.

Ó wá fa ti omi àwo.

Wàrà ló kọ́kọ́ ṣáájú, funfun báláú. Lẹ́yìn náà ni tíì. Lẹ́yìn náà ni omi ọbẹ̀ adìyẹ, ọbẹ̀ tí òun sè lánàá àti lọ́jọ́ tó ṣáájú àná, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì tó gé wẹ́wẹ́ nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun ìyàwó rẹ̀ kéré. Kárọ́ọ̀tì náà ń yí gbirigbiri kọjá nínú ìgbọ̀nwọ́. Ìrẹsì ń kọjá. Ó ń wá, kò tètè tán. Leland kúnlẹ̀ nínú yìnyín, ó ń wo oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan bó ṣe ń lọ sínú ilẹ̀. Kò sí wáyà kankan tó gba ibòmíràn lọ. Iná ara ògiri kò purọ́ rárá.

Inú bí i. Kí ẹnikẹ́ni má bù oyin lé e fún yín, inú bí i débi pé kò tilẹ̀ gbọn yìnyín kúrò lára kó tó ṣí ilẹ̀kùn.

"Ọbẹ̀ àná," ló wí. "Ṣé o jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́," ni Ardis dáhùn.

"Ardis."

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo orúnkún rẹ̀ tí yìnyín lẹ̀ mọ́. "O ti da táǹkì."

"Mo dà á. Mo rí kárọ́ọ̀tì. Mo rí wàrà."

"Mo gbàgbé pé ìgbọ̀nwọ́ yẹn ń fi inú hàn."

"Ohun tó o rí sọ nìyẹn?"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ?" Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ débi pé Leland ní láti tẹ̀ sún mọ́ ọn. "Mo ní má gbé mi lé póò. Mi ò mọ̀ pé ìka lo máa fi san án. Bí mo bá mu tíì kan, mo máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ mi níbi tó o ti ń wọ́ ara nílẹ̀. Mò ń gbọ́ ikọ́ rẹ. Orí ibùsùn tó móoru ni mo wà, Leland, tí mò ń gbọ́ ọ bí ajá tí wọ́n tì síta. Mo wá rò ó pé bí mo bá ń da oúnjẹ sí bàsíà, tí n kò fi nǹkan kan sínú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀, kò ní sí ohun tó máa dì."

"O ò bá jẹ́ kó dì. Korobá ni ǹ bá máa gbé fún ọ bíi ti Duane. Àpò ara mi ni ǹ bá fi gbé e."

"Minot ńkọ́?"

Leland bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló ṣèlérí. Òun náà ló ti ń sọ lójoojúmọ́ fún obìnrin yìí, pẹ̀lú ìdùnnú, bí òun ṣe gbá táǹkì, bí òun ṣe yẹ gílóòbù wò, bí kò ṣe dì. Ojú tì í lójijì, ìtìjú náà sì pa ìbínú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń sunkún bí ọmọdé, Ardis sì gbé ọwọ́ lé e lórí fìlà.

"Mu omi," ni Leland bẹ̀ ẹ́. "Nítorí èmi. Ìdajì ife."

Ardis mu ún nítorí rẹ̀. Ó gbé ẹnu kan mì, omi náà padà jáde. Ó tún gbìyànjú, ó tún padà. Ọ̀nà ọ̀fun ti kọ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tọrọ gáfárà.

Leland pe Renae. Nọ́ọ̀sì náà ní àwọn katakata ṣì ń kó yìnyín kúrò lọ́nà, pé òun ò lè dé kó tó di ọ̀túnla. Ó ní kó má fi tipátipá fún un lómi, kó rẹ kàn-ìn-kàn-ìn sínú omi, kó máa fi pa á létè.

"Ká ní ó ń jẹun ńkọ́?" ni Leland béèrè. "Ká ní mo tètè mọ̀?"

Renae ò purọ́ fún un. "Bóyá ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Brekke, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Ardis ní òun fẹ́ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Leland mọ̀ pé kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó fẹ́ jáde. Ó gbé e dìde, ó dì í mú lábíyá, wọ́n rìn ín pọ̀. Kò jìnnà, kò sí ibi tó jìnnà nínú ilé onítáyà. Ó jókòó sórí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ di ògiri mú, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ó tó, kó gbé òun padà. Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀lé e ló kú, ọ̀sán tí oòrùn mọ́lẹ̀ kedere tí kò sì móoru rárá. Renae bá a bẹ́ẹ̀ nígbà tó dé. Wọ́n gbé e lọ.

Duane wá kí Leland nígbà tó di ọjọ́ kejì. Ó gbé àwo ńlá kan dání, ẹran lílọ̀ àti ọ̀dùnkún tí wọ́n yan pọ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé lọ sílé ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀. Kò wọlé. Àwọn ọkùnrin ibí ò mọ ọ̀rọ̀ ìdárò sọ. Bí ẹnu wọn bá wúwo, ojú ọjọ́ ni wọ́n ń sọ, bí kì í bá ṣe ojú ọjọ́, ọkọ̀. Duane dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn, ó ń fi bàtà wa yìnyín.

"Wọ́n ní ó tún máa tutù sí i lọ́la," ló wí.

"Mo gbọ́."

"Ti Halvorson náà ti dì lálẹ́ àná. Ti àwọn ọmọ Texas yẹn pẹ̀lú. Gbogbo ìlà yìí látòkè délẹ̀." Ó gbé ojú sókè fìrí, inú rẹ̀ dùn pé òun rí ohun rere kan sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "Tìrẹ nìkan ni kò dì, Leland. Ọgbà yìí lódindi. Gbogbo wa la ń sọ ọ́. Kí lo ṣe sí i?"

Leland gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì gbóná.

"Èmi kọ́," ló wí. "Ardis ni. Kò fi nǹkan kan sínú rẹ̀."

Duane ń retí kó sọ ìyókù. Nígbà tó rí i pé kò sí ìyókù, ó ní kó jẹ oúnjẹ náà kó tó tutù, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ koríko padà lọ sílé rẹ̀.